Ọmọ Tí Mo Bá Obìnrin Náà Gbé Dání

Snow tó wà lórí òkúta náà kò yọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi gbígbóná ń ṣàn kọjá lára rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí ju kí n bèèrè ìdí rẹ̀ lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ni, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Seton, àdúgbò kan ní Calgary. Yéjídé, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló wakọ̀ gbé mi kúrò ní Calgary lọ sáàárín àwọn òkè, wákàtí méjì gbáko. Omi ibẹ̀ ń ti inú ilẹ̀ gbóná wá. Ó ń ṣàn láti orí ìpele òkúta funfun kan bọ́ sórí òmíràn, bí àtẹ̀gùn. Lókè pátápátá, ògiri àtijọ́ kan wà tó ti wó, kò sẹ́ni tó mọ àwọn tó mọ ọ́n.

Omi ni mo wá bù. Ìdùnnú, ọmọ mi kan ṣoṣo, wà nínú oyún oṣù méje. Oyún mẹ́ta ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára ṣáájú èyí. Mo fẹ́ gbàdúrà sí omi náà kí n fi wẹ̀ ẹ́, bí ìyá mi ti máa ń fi omi ìsun wẹ àwọn aboyún ìjọ wa nílé.

"Mummy Ìdùnnú, keg mẹ́ta? Ẹ fẹ́ gbé òkè yìí lọ sílé ni?"

"Máa rẹ́rìn-ín. Tí o bá tún lóyún, wàá wá bẹ̀ mí."

"Èmi kẹ̀? Àwọn méjì tó wà ní daycare ti tó mi o!" Yéjídé lọ ya fọ́tò nísàlẹ̀.

Mo gbé keg kan, mo gòkè lọ síbi ògiri náà, níbi tí omi ti mọ́ jù. Òórùn ibẹ̀ dà bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́. Obìnrin kan jáde láti inú èéfín omi náà, ó pọnmọ. Kò wọ bàtà. Ìró àti ọ̀já nìkan ló wà lára rẹ̀ nínú òtútù yẹn, wọ́n sì gbẹ táútáú.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà," ó ní. Yorùbá rẹ̀ já gaara. "Ẹ bá mi gbé e dání, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀já mi ti tú. Mo ń bọ̀."

Ta ni kò ní gbà á? Ẹni tó bá ti pọnmọ rí mọ̀ pé bí ọ̀já bá tú, obìnrin tó bá sún mọ́ ni yóò gbọmọ. Mo na ọwọ́. Ọmọ náà gbóná, ó wúwo, ó dijú. N kò gbọ́ èémí rẹ̀.

"Kí lorúkọ rẹ̀?" Mo rọra bèèrè.

Ó wò mí. "Ẹ̀yin ni ìyá àgbà. Ẹ sọ ọ́."

Mo mọ̀ pé a kì í pe orúkọ ọmọ kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Orúkọ kan wà tí mo ti fi pamọ́ sínú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́. N kò sọ ọ́ fún Ìdùnnú. N kò pè é sókè nínú àdúrà pàápàá. Bóyá àárẹ̀ ni, ẹnu mi kàn là.

"Adéolúwa."

Ọmọ náà mí.

Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, obìnrin náà ti ń lọ sí ìdí ògiri.

"Ẹ wá gba ọmọ yín o!" Kò wẹ̀yìn.

"Mummy, ta lẹ ń pè?" Yéjídé ti dé ẹ̀yìn mi. "Kí ló dé tí ẹ ń rẹ keg lẹ́kún?"

Mo wo ọwọ́ mi. Keg ni lóòótọ́. Ó ṣófo, ó sì gbóná.

A kò tíì dé ojú títì tí fóònù mi fi dún. Tádé ni, ọkọ Ìdùnnú.

"Mummy, ó ti bímọ. Ọkùnrin ni. Kò mí nígbà tó jáde. Wọ́n ti fẹ́ gbé e kúrò níwájú wa, ló bá ṣàdédé mí. Doctor gan-an ò lè ṣàlàyé ẹ̀."

Mo bi í pé aago mélòó ló mí. Ó sọ ọ́. Àkókò yẹn gan-an ni mo pe orúkọ náà lórí òkè.

Ní ọjọ́ kẹjọ, níwájú àpótí gíláàsì tí wọ́n tẹ́ ẹ sí nílé ìwòsàn, mo fún un ní orúkọ mìíràn. Mo ní Ìtẹ́olúwa. Ìdùnnú mi orí.

"No, Mummy. Adéolúwa ni. When I was pushing, obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọ bàtà. Ó ní ẹ ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ó ní òun ń bọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "I think it was an angel."

Ọdún mẹ́fà ni n kò ti rí ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀. Mo ṣe àmín.

Ọmọ náà ti pé oṣù mẹ́rin báyìí. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́ ní basement láràárọ̀, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo máa ń bù. Nígbà tí mo bá fi máa wẹ̀ ẹ́ tán, èéfín á ti máa jáde lójú omi náà. Ara rẹ̀ kì í bó. Kì í sunkún.

Lánàá, Ìdùnnú ké látòkè: "Mummy, is the water too hot?"

"Rárá o," mo ní. Mo sáré da omi náà nù.

Lẹ́yìn náà, mo kúnlẹ̀ bí ìṣe mi. Ọgbọ̀n ọdún rèé tí mo ti ń kúnlẹ̀ láràárọ̀, Ọlọ́run nìkan ni mo sì ń bẹ̀. Lánàá, ẹlòmíràn ni mo bẹ̀.

"Ìyá ọmọ," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wá."