Lẹ́tà Wúrà, Orúkọ Adéyanjú

Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi. Ẹni tó gbé ìkòkò kaná, kó dín iná kù kó wá gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ní Gascoigne, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Wúrà ń fọ abọ́, ó ń kọrin. Ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ wó ilé wọn, wọ́n sì ní àjà kẹfà ni wọn yóò gbé nínú ilé tuntun. Bẹ́ẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn, kò lè gun àtẹ̀gùn, lífìtì sì máa ń bàjẹ́. Wúrà ti kọ lẹ́tà pé ìsàlẹ̀ ni àwọn ń fẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ ọ́, lẹ́yìn iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá ní River Road. Ó parí tán, ó fi orúkọ Adéyanjú ọkọ rẹ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn: olórí ilé ló ń fọwọ́ síwèé.

Nípàdé tí ìjọba ìbílẹ̀ pè lọ́jọ́ náà, wọ́n pe ẹni tó kọ lẹ́tà. Adéyanjú dìde. Wọ́n bi í lóhun tí dókítà sọ nípa ìyá rẹ̀, kò mọ ọ́n. Wúrà nawọ́, wọ́n ní ẹni tó fọwọ́ síwèé nìkan làwọn fẹ́ gbọ́. Wọ́n ní kí wọ́n tún òmíràn kọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Wọ́n délé, Dárasími ọmọ wọn, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní yunifásítì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, ohun tí mò ń kà lọ́wọ́ rèé. Nígbà tí Amẹ́ríkà fẹ́ ṣe òfin tuntun, obìnrin kan kọ̀wé sọ́kọ rẹ̀ pé kí wọ́n má gbàgbé àwọn obìnrin. Ọkọ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òmíràn kọ ìwé tako òfin ìlú tí wọ́n gbé kalẹ̀, kò forúkọ ara ẹ̀ sí i. Ó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi ń sọ pé ọkùnrin ló kọ ọ́, kí ọ̀kan nínú ìran ẹ̀ tó rí lẹ́tà tó fi sọ pé òun ni."

Wúrà ní, "Èmi ò ní dúró de ọmọ-ọmọ o."

Adéyanjú ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Dára, o ti fẹ́ gba olórí ilé lọ́wọ́ mi nìyẹn?"

"Ẹ mú olórí ilé yín, Bàbá Dára. Orúkọ mi ni mo fẹ́ gbà."

Dárasími ṣàlàyé pé orúkọ àwọn méjèèjì ló wà nínú ìwé àdéhùn ilé, nítorí náà ìyá rẹ̀ lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Kó so ìwé dókítà mọ́ lẹ́tà, kó sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Wúrà tún un kọ, ó forúkọ ara rẹ̀ sí i, Adéyanjú fọwọ́ ara rẹ̀ mú un lọ.

Nígbà tí wọ́n pe Wúrà nípàdé kejì, ó ń kọrin sínú:

Ọwọ́ mi ló kọ ọ́,
Ẹnu mi ni yóò rò ó,
Orúkọ mi kò ní sọnù.

Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè. Wọ́n fún wọn ní ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tí wọ́n fi ṣòfò. Pálọ̀ ni Dárasími ń sùn títí dòní.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọlé, ìyá àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà kọjá, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Wúrà bu ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín fún àwọn aládùúgbò, kálukú yó, ó gbé orin rẹ̀ sókè, wọ́n sì ń kọ ọ́ lọ sílé.

Ìwọ obìnrin tó ń gbọ́ mi yìí, bó bá jẹ́ ìwọ lo ronú ẹ̀, tó o sì kọ ọ́, forúkọ rẹ sí i lónìí. Ìwọ ọkùnrin, gbé bírò fún un.