Àwọn Ọ̀pọ̀lọ́ Inú Ọgbà Màmá Àgbà

Ọ̀pọ̀lọ́ náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ bí onílé tó ń retí àlejò. Gíwá fò sẹ́yìn, ó figbe ta, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣubú.

"Dákẹ́! Irú kí nìyí? Ṣé ọ̀pọ̀lọ́ lẹ fi ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé yìí ni?"

Ojú ti Dákẹ́ bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ìnagijẹ tí wọ́n fún un ní kíláàsì ni Dákẹ́, nítorí pé kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, àfi kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè, wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Látìgbà tó ti dé, ẹnì kankan kò yà wá kí i rí. Òun nìkan ni yóò ti ilé ìwé rìn wálé, òun nìkan ni yóò jókòó sójú fèrèsé, tí yóò máa wo tòmátò àti kábéèjì tí Màmá Àgbà gbìn sẹ́yìnkùlé. Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi dùn ṣìnkìn nígbà tí Gíwá, tí gbogbo kíláàsì ń tẹ̀ lé, sọ pé àwọn ń bọ̀ wá kí i.

"Wọ́n pọ̀ nínú ọgbà," ni Dákẹ́ wí, ó ń wolẹ̀. "Màmá Àgbà kì í jẹ́ ká lé wọn."

Gíwá rẹ́rìn-ín. "Iyọ̀ ni oògùn wọn. Lọ gbé iyọ̀ wá. Tó o bá fẹ́ di tiwa lóòótọ́, wọ́n ọn lé wọn lórí ká rí i."

Dákẹ́ wo ojú ọ̀nà. Màmá Àgbà ti lọ wo aboyún kan ládùúgbò. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kò dáa, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù tí ẹnì kan ti pè é ní tiwa. Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé iyọ̀ jáde. Wọ́n ń ṣí bíríkì etí ọgbà, níbi tí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń sá pamọ́ sí, lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà ń wọ́n iyọ̀. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń fò, wọ́n ń yí gbiri, wọ́n sì ń nà gbalaja. Àwọn ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Gíwá dì mọ́ ọn. Ó dùn mọ́ Dákẹ́ nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè wo ilẹ̀.

Màmá Àgbà dé, ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́, ọmọ mi?"

Màmá Àgbà gbẹ́ ihò, ó kó òkú àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà sí i, ó sì wọlé. Ì bá kúkú na òun ni, bẹ́ẹ̀ ni Dákẹ́ ń rò.

Nígbà tí wọ́n wọ ilé ìwé ní ọjọ́ Ajé, Gíwá ti sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀ fún gbogbo kíláàsì. "Ẹ má jókòó tì í o! Apa-ọ̀pọ̀lọ́ ni. Òórùn wọn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń bá a jókòó tẹ́lẹ̀ kó ìwé rẹ̀, ó sún lọ.

Kò pẹ́ tí ìrẹ̀ fi gba ọgbà. Wọ́n ń gé irúgbìn tuntun ní ìdí bí ẹni fi abẹ gé e, àwọn kòkòrò mìíràn sì ń lu ewé kábéèjì bí ajere. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Dákẹ́ bá Màmá Àgbà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ṣa tòmátò tó ti wó. Omi bọ́ lójú Dákẹ́.

"Àṣé àwọn ọ̀pọ̀lọ́ yẹn ló ń jẹ àwọn kòkòrò yìí?" ni Dákẹ́ bi í.

"Iṣẹ́ tí Ọlọ́run fún wọn nìyẹn. Bí a bá ti sùn, àwọn ni wọ́n ń bá wa ṣọ́ ọgbà. Wọn ò rẹwà, wọn ò sì mọ orin kọ, ṣùgbọ́n wọn kì í pa iṣẹ́ jẹ."

Dákẹ́ jókòó sórí ilẹ̀ tútù. "Èmi ńkọ́, Màmá Àgbà? Kí ni Ọlọ́run dá mi fún? Ẹnì kankan ò fẹ́ràn mi níbí."

Arúgbó náà gbé tòmátò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "N ò mọ gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí mo gbẹ̀bí wọn pọ̀, kò sí èyí tó gbé ìwé dání wá pé iṣẹ́ tí òun wá ṣe rèé. Ìwọ̀nba tí mo mọ̀ ni pé kí o tó dé, ìkòkò ni mò ń bá sọ̀rọ̀ nílé yìí. Ìkòkò ò sì mọ èsì fọ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omi. "Mo ti gbàdúrà fún ẹnì kan tipẹ́tipẹ́."

Dákẹ́ wò ó. Kò tíì rò ó rí pé ẹlòmíràn náà dá wà nínú ilé yẹn.

Wọ́n jọ tún ilẹ̀ kọ. Ní ìrọ̀lẹ́, Dákẹ́ á fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa ìrẹ̀ àti kòkòrò títí ẹ̀yìn á fi ro ó. Ìgbà yẹn ló tó mọ bí iṣẹ́ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ti tóbi tó. Díẹ̀ nínú kábéèjì yè, púpọ̀ kú, ọ̀pọ̀lọ́ kankan kò sì yọjú mọ́.

Lọ́jọ́ kan ní kíláàsì, ọmọńlé kan lẹ̀ mọ́ ògiri. Gíwá na ìgbálẹ̀ sí Dákẹ́. "Apa-ọ̀pọ̀lọ́, iṣẹ́ ti dé. Pa á, o ó padà di tiwa."

"N ò pa á," ni Dákẹ́ dáhùn, ketekete. "Ẹ̀fọn tó ń jẹ wá ló ń bá wa jẹ. Ẹ fi í sílẹ̀."

Wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Nígbà ìsinmi, òun nìkan ló tún jókòó. Ó dùn ún, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ báyìí pé kéèyàn dá wà kò túmọ̀ sí pé kò wúlò. Ẹlẹ́dàá tó ní iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀lọ́ lábẹ́ bíríkì ní iṣẹ́ fún ọmọ tí ẹnì kankan kò bá jókòó, kò sì yẹ kí ọmọ náà pa iṣẹ́ ẹ̀dá mìíràn run nítorí kí wọ́n lè pè é ní tiwa.