Ó Rẹ̀ Wọ́n Díẹ̀

"Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ó rẹ̀ mí díẹ̀," ìyá àgbà kìlọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. "Má sọ pé mo ṣubú. Ọmọdé kì í ròyìn ìṣubú àgbà kiri."

Ọmọ ọmọ wọn, tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹnu-ò-sinmi, gbà láìjiyàn. Aránṣọ ni ìyá àgbà. Bí ọmọ náà ṣe ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni wọ́n ré bọ́ lórí àga ìdí ẹ̀rọ, tí wọ́n dákú. Nígbà tí wọ́n jí, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò lè gbé sísọ́ọ̀sì mọ́.

"Kí ló ṣe ìyá?" nọ́ọ̀sì yàrá pàjáwìrì béèrè.

"Ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀, mà."

"Ó rẹ èmi náà. Ẹ jókòó sọ́hùn-ún, a ó pè yín."

Láyé ìgbà náà, kò sí ohun tí gbólóhùn yẹn kì í bò: ibà, ebi, ìbànújẹ́, títí kan ìpọ̀kàkà ikú. Báwo ni nọ́ọ̀sì ṣe fẹ́ mọ èwo nínú wọn?

Bíríkìlà kan tó fi aṣọ di ìka jókòó tì wọ́n. Ó kí ìyá àgbà, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i.

"Ìyá, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ṣoṣo lẹ fún mi," ó fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ kejì ńkọ́?"

Ẹnu-ò-sinmi yíjú wò wọ́n. Ẹnu ti wọ́. Ó dìde, ìyá àgbà fi ọwọ́ òsì dì í láṣọ mú, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu: "Mo ní... má sọ." Ọmọ náà rọra tú ọwọ́ wọn, ó sì lọ bá nọ́ọ̀sì.

"Mà, mi ò sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ṣubú, wọ́n dákú. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ti rọ, ẹnu wọn sì ti wọ́."

Kí ó tó sọ ọ́ tán, àga onítáyà ti dé. Ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú ọpọlọ. Dókítà ní oògùn tó ń tú u ṣì bá àkókò, àmọ́ ìjókòó lásán yẹn ti jẹ lára ọwọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà lajú lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ìwọ ọmọ yìí, o tú àṣírí mi síta."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Màá bínú. Gbé omi wá ná."

Wọ́n rìn padà sílé, wọ́n sì pẹ́ láyé, àmọ́ ọwọ́ yẹn ò di abẹ́rẹ́ mú dáadáa mọ́. Ọ̀wọ̀ àgbà dára, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n níwájú ẹni tó fẹ́ wo àgbà sàn, ọ̀wọ̀ tó tóbi jù ni kí ẹ sọ ibi tó ń dùn wọ́n gan-an, kí ẹ sì tètè sọ ọ́.