Sídíì Kejì

"Ẹni tó bá sọ pé Apá Kẹrin dára, ojú ń dun olúwarẹ̀!"

Onígbàjámọ̀ àdúgbò ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti gun orí bẹ́ǹṣì kí gbogbo ilé ìwòran lè gbọ́ ọ.

Fíìmù amí ni wọ́n ń jà lé lórí. Apá méje ni fíìmù náà ní, amí kan náà ló sì wà nínú méjèèje. Ní ọ̀sán Sátidé, bí wọ́n bá ti wo apá kan tán, tí wọ́n sì ti ká aṣọ fèrèsé kúrò kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, àwọn òǹwòran kì í lọ sílé bọ̀rọ̀. Àríyànjiyàn ló kù. Ti ọjọ́ yìí tilẹ̀ nídìí. Bàbá tó ni ilé ìwòran fẹ́ mú ọ̀kan nínú méjèèje lọ pààrọ̀ sí fíìmù tuntun lọ́wọ́ oníṣòwò sídíì, ó sì ní kí àwọn oníbàárà òun yan èyí tó burú jù.

"Apá Kẹfà ni kó lọ," ni Tíṣà wí. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ ó ṣì máa ń na ìka sókè kó tó sọ̀rọ̀. "Ọkọ̀ mọ́kàndínlógún ló jóná nínú rẹ̀. Mo kà wọ́n. Amí náà kò tilẹ̀ làágùn."

"Ọkọ̀ tó jóná ṣáà yé wa, Tíṣà. Apá Kẹrin ńkọ́? Ọkùnrin bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, irun kún orí rẹ̀. Bó ṣe máa tún yọjú, orí ti ń dán bíi dígí, ó ń tiro, ọ̀gá rẹ̀ ti di ọ̀tá rẹ̀. Ta ló gẹ irun fún un? Èmi tí mo ń fi irun jẹun, ṣé kò yẹ kí wọ́n fi hàn mí ni?"

Ẹ̀rín sọ nínú ilé.

"Inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti gẹ̀ ẹ́."

Gbogbo ojú yí sí bẹ́ǹṣì kẹta. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ló sọ̀rọ̀. Olóríkunkun ni wọ́n ń pè é, kò sì bínú sí orúkọ náà rí.

"Ẹ̀wọ̀n wo?" ni Onígbàjámọ̀ bi í.

"Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n jù ú sí, Bọ̀ọ̀dá. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ amí ló tà á. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń pín búrẹ́dì tirẹ̀ fún un. Nígbà tí bàbá yẹn kú, amí náà sunkún. Ibẹ̀ nìkan ló ti sunkún nínú méjèèje. Nínú mẹ́fà yòókù, kò sí ohun tó ń dùn ún. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn Apá Kẹrin nìyẹn. Ilé ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mo ti wò ó."

"Amí tó ń sunkún!" Onígbàjámọ̀ pàtẹ́wọ́. "Gbogbo wa la jókòó síbí wò ó lóṣù tó kọjá. Ẹ̀yin èèyàn, ta ló rí ẹ̀wọ̀n nínú yín?"

"A ò rí i o!"

"Ọmọ mi," ni Tíṣà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ṣé kì í ṣe pé o lá a lálàá?"

Nídìí tẹlifíṣọ̀n, ọmọbìnrin mìíràn tẹ orí ba. Ọmọ onílé ìwòran ni. Rìmọ́ọ̀tù ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni rìmọ́ọ̀tù ń gbé. Òun ló ń fi sídíì sí i, òun ló ń dá fíìmù padà sẹ́yìn bí ẹnì kan bá ní òun kò gbọ́. Bàbá rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó ti ń gbowó ìwòran. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni òun àti Olóríkunkun. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, wọ́n jọ ń jókòó pọ̀ ni, ìwé ìṣirò Olóríkunkun ni àwọn méjèèjì sì fi ń múra ìdánwò àṣekágbá.

Rìmọ́ọ̀tù mọ̀ pé òótọ́ ni ọ̀rẹ́ òun ń sọ. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Sídíì méjì méjì ni àwọn apá yòókù, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni ti Apá Kẹrin. Lóṣù tó kọjá, kí àwọn èèyàn tó dé, ó yọ sídíì kejì láti nù ún, ó gbé e sórí àga, ó yíjú síbòmíràn. Bó ṣe fẹ́ jókòó báyìí, ohun kan dún kẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un rí: "Sídíì kì í sùn níta páálí. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, màá gba rìmọ́ọ̀tù yẹn fún ọmọ àbúrò mi." Bí wọ́n bá sì gba rìmọ́ọ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni wọn yóò máa pè é? Ó kó àfọ́kù náà sí ìsàlẹ̀ àpò ìwé rẹ̀. Nígbà tí sídíì kìíní parí, ó fi ìkẹta sí i. Àwọn èèyàn họ orí, wọ́n ní fíìmù náà kò nítumọ̀, wọ́n lọ sílé.

"Ẹ má pè mí ní onírọ́." Olóríkunkun ti dìde dúró. "Ẹ tún un wò. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, n kò ní tẹ ilé yìí mọ́ láéláé."

Bàbá onílé ìwòran dáhùn láti ẹnu ọ̀nà: "Ó dáa. A ó tún un wò ní Sátidé tó ń bọ̀. Ojú gbogbo wa ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí."

Rìmọ́ọ̀tù ní odidi ọjọ́ mẹ́fà láti fi sọ̀rọ̀. Ohun tó fi wọ́n ṣe ni pé ó wá bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe máa yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

"Àbí fíìmù mìíràn lo rò mọ́ ọn?" ló bi í lọ́jọ́ Ọjọ́rú, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìṣirò.

Olóríkunkun gbé kálámù sílẹ̀. "Ìwọ náà?"

"N kò sọ pé o purọ́. Mo kàn ní èèyàn lè gbàgbé."

"N kì í gbàgbé nǹkan," ni Olóríkunkun wí, ó sì padà sídìí ìṣirò rẹ̀.

Nígbà tí Sátidé dé, kò sí àyè lórí bẹ́ǹṣì. Sídíì kìíní parí. Rìmọ́ọ̀tù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, páálí sì ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rù ló bà á lójijì, ó sì lè pè é ní àṣìṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi rò ó. Ọwọ́ rẹ̀ mú sídíì kẹta, ojú rẹ̀ sì ń wò ó.

Amí yọjú, orí rẹ̀ ń dán.

"Ẹ̀wọ̀n dà?" Onígbàjámọ̀ bẹ abẹ́ bẹ́ǹṣì wò. "Ẹ bá mi wá ẹ̀wọ̀n o!"

Ilé hó. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Onírọ́!" Olóríkunkun wo tẹlifíṣọ̀n, ó wá wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Rìmọ́ọ̀tù, ìwọ lò ń fi í sí i. Ṣé bó ṣe wà nìyí?"

"Bó ṣe wà nìyẹn."

Olóríkunkun mú àpò rẹ̀, ó jáde. Kò sáré, kò sì sunkún.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ti kó ìwé rẹ̀ lọ sí àga mìíràn. Àwọn ọmọ kíláàsì ń bi í pé "Ẹ̀wọ̀n dà?" bó bá ti ń kọjá, kò dá wọn lóhùn. Rìmọ́ọ̀tù kí i lẹ́ẹ̀mẹta, kò dá òun náà lóhùn. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ fíìmù lásán kò tó ohun tí èèyàn ń dì sínú. Ó rọrùn fún wọn láti sọ. Kì í ṣe àwọn ni wọ́n pè ní onírọ́.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, oníṣòwò sídíì dé sí ilé ìwòran pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Onígbàjámọ̀ àti Tíṣà wà níbẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ mọ fíìmù tuntun tí wọ́n máa gbà. Oníṣòwò ṣí páálí Apá Kẹrin, èyí tí wọ́n ti yàn pé kó lọ. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Bàbá, kìíní nìyí. Ìkẹta nìyí. Kejì dà?"

"Kejì wo?"

"Mẹ́ta ni. Ẹ wo àyè mẹ́ta nínú páálí. Mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi àbọ̀ fíìmù gba odidi lọ́wọ́ mi."

Ojú Bàbá yí padà. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣòwò ládùúgbò yẹn, ẹnikẹ́ni kò pè é ní oníjìbìtì rí. "Bí mo ṣe rà á ló ṣe wà. Mo lè fi ọmọ mi kan ṣoṣo yìí búra..."

"Bàbá mi, ẹ má búra."

Rìmọ́ọ̀tù ti da àpò ìwé rẹ̀ sórí tábìlì. Àfọ́kù sídíì mẹ́rin bọ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ìwé.

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá ń to àfọ́kù náà pọ̀ lórí tábìlì, bí ẹni pé wọ́n lè lẹ̀ padà.

"Sátidé tó kọjá ńkọ́?" ló bi í nígbẹ̀yìn.

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, sà."

"Sídíì tó fọ́ kò dùn mí. A lè wá òmíràn. O jẹ́ kí wọ́n sọ ọmọ ọlọ́mọ di onírọ́ nínú ilé mi, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà."

Rìmọ́ọ̀tù gbé rìmọ́ọ̀tù lé e lọ́wọ́ kó tó béèrè fún un. Onígbàjámọ̀ ti ṣí fìlà. Tíṣà na ìka sókè, ó tún ká a, ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé: "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa kò tilẹ̀ pé oṣù méjì."

Ẹ̀yìnkùlé ni Olóríkunkun wà, ó ń fọ aṣọ ilé ìwé, nígbà tí Rìmọ́ọ̀tù dé. Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà láì gbé ọwọ́ kúrò nínú omi.

"O wí tán?"

"Mo wí tán."

"Ojú gbogbo ayé lo ti jẹ́ kí wọ́n bú mi. Ẹ̀yìnkùlé wa lo wá bẹ̀ mí sí."

"Mo ti jẹ́wọ́ lójú wọn."

"Kí àwọn náà wá."

Wọ́n sì wá. Lọ́jọ́ kejì, Onígbàjámọ̀ àti Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Olóríkunkun, lójú àwọn aládùúgbò. "Ọmọ mi, ẹnu mi ló yá ju ojú mi lọ," ni Onígbàjámọ̀ wí. "Jọ̀ọ́, wá fi ẹ̀wọ̀n yẹn hàn mí."

Ní Sátidé, oníṣòwò yá wọn ní sídíì kejì. Nígbà tí ìkíní parí, Bàbá, tí rìmọ́ọ̀tù wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, pe ọmọ rẹ̀ kó wá pààrọ̀ sídíì. Olóríkunkun dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni mo fẹ́ fi èyí sí i."

Rìmọ́ọ̀tù na sídíì náà sí i. Ó gbà á, ó ka nọ́ńbà tó wà lára sídíì náà sókè, "Ìkejì," ó sì fi í sí i.

Ẹ̀wọ̀n yọ. Wọ́n gẹ irun amí. "Ẹni tó gẹ èyí kò kọ́ṣẹ́!" ni Onígbàjámọ̀ kígbe, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá arúgbó kú, tí amí jókòó ti búrẹ́dì tó ṣẹ́kù, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Tíṣà ń nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ti rí gbogbo rẹ̀ báyìí," ni Onígbàjámọ̀ wí nígbà tí ó parí. "Ó ṣì burú."

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn, Bọ̀ọ̀dá," ni Olóríkunkun dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ kórìíra rẹ̀ bó ṣe wà gan-an."

Apá Kẹfà ni wọ́n wá yàn pé kó lọ dípò rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Olóríkunkun gbé ìwé ìṣirò wá síwájú Rìmọ́ọ̀tù. "Lò ó títí di ìgbà ìsinmi. Kó o dá a padà." Ó sì padà sórí àga tuntun rẹ̀. Ibẹ̀ ló jókòó sí títí wọ́n fi ṣe ìdánwò tán.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, ẹnu nìkan kọ́ ló ń pa irọ́. Ọwọ́ a máa pa á, ìdákẹ́jẹ́ náà a sì máa pa á. Ohun tó fọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ tètè fi hàn nígbà tó ṣì jẹ́ ohun tó fọ́ lásán. Bí ẹ bá fi pamọ́ títí tó fi fọ́ orúkọ ẹlòmíràn, wọ́n lè dárí jì yín o, ṣùgbọ́n wọn yóò máa ka nọ́ńbà ara ohun tí ẹ bá nà sí wọn kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ yín.