Ohùn Rídwàn

Bàtà lọ́wọ́, ṣòkòtò ká dé orúnkún, àpò láptọ́ọ̀pù lórí bí ẹrù ọjà: bẹ́ẹ̀ ni Hamdalah ṣe kọ́kọ́ rí Táyéwò, lọ́jọ́ tí òjò sọ iwájú ọ́fíìsì wọn ní àdúgbò Pleasure di odò. Ojú fèrèsé òkè ló ti ń wò ó. Nígbà tí ọkùnrin náà gun àtẹ̀gùn dé, omi ń kán lára rẹ̀ tótó, àmọ́ àpò rẹ̀ gbẹ.

"Ẹ kú òjò o," Hamdalah kí i, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. "Ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ ń bọ̀ wá bá wa dín ẹrù wa kù?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún omi ṣòkòtò mi ná, jàre."

Ẹrù ọ̀hún kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbé lórí. Rídwàn, ẹ̀gbọ́n Hamdalah, ló ṣe áàpù kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Yorùbá kíkà kí àìsàn tó mú un lọ. Hamdalah àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ojú kan ni gbogbo kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí olúkúlùkù lè máa gbà á sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Rídwàn ti kó ohùn ara rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú, gbogbo ẹ̀kọ́ tó kà, àtèyí tó kà tì, àtèyí tó tún kà. Iṣẹ́ náà wá wú débi pé dátà ẹni tó fẹ́ gbà á á ti tán kó tó dé ìdajì. Àwọn tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ sì ń fà sẹ́yìn.

Táyéwò ṣàlàyé pé kí wọ́n kàn pa àwọn fáìlì ńlá náà rẹ́ kò tó, torí pé ibẹ̀ kì í gbàgbé ohun tí wọ́n bá ti kó síbẹ̀ rí. Àfi kí wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ìtàn iṣẹ́ náà, níbi tí gbogbo àyípadà rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Orúkọ Rídwàn ńkọ́?" Hamdalah bi í.

"Gbogbo ìlà tó kọ, orúkọ rẹ̀ á wà lára rẹ̀."

Bí wọ́n ṣe jọ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, tí wọ́n jọ ń jẹ gúgúrú, tí Táyéwò ń sìn ín dé ibi tó ti ń wọ ọkọ̀ lọ sílé wọn ní Egan. Ó bi í ní oríkì rẹ̀, Hamdalah ní Àṣàbí. Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní orúkọ mìíràn mọ́. Bí Táyéwò bá pẹ́ dé, iṣẹ́ kì í wọ Hamdalah lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Hamdalah gba iṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Ló bá wá ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò rí i. Ó pe Táyéwò, ẹni yẹn ní òun ti kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn kí òun tó yọ ọ́, pé òun kàn fẹ́ kí ó yà á lẹ́nu ni.

"Kò sóhun tó sọnù, Àṣàbí."

"Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni, Táyéwò. O ò sì bi mí."

Ó pa fóònù. Kò sì gbé e mọ́ bí Táyéwò ṣe ń pè é.

Ní Sátidé, Táyéwò gba Egan lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhaja Àdíját, ìyá Hamdalah, ó sọ ohun tó ṣe láìfi ọ̀kan pamọ́, ó ní òun kò gbàṣẹ, ẹ̀bi òun ni. Ó wá ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ohùn Rídwàn gba gbogbo pálọ̀. Ó ń ka ẹ̀kọ́, ó ṣì í kà, ó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ohùn Alhaja fúnra rẹ̀ ń pè é pé kó wá jẹun kí oúnjẹ tó tutù.

Alhaja fi ìborùn bojú. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín. "Alhamdulillah," ló ń wí. "Ọmọ mi rèé. Ọlọ́run á dá ẹ lóhùn náà, Táyéwò."

Hamdalah ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí ohùn náà ti bẹ̀rẹ̀. "Ṣé gbogbo rẹ̀ lo gbọ́?"

"Gbogbo rẹ̀. Mi ò lè máa gbé ohun tí mi ò mọ̀. Má bínú, Àṣàbí."

Hamdalah jókòó tì í. Wọ́n jọ gbọ́ ọ títí wọ́n fi pe ìrun Alaasáárì.

Àwọn ọwọ́ tuntun ti pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà tí àwọn ẹbí Táyéwò wá tọrọ ìyàwó. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì ní mọ́ṣáláṣí Egan, ìmáàmù ní kí Hamdalah sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́, ṣé ó fẹ́ Táyéwò. Kò jẹ́ kí ìmáàmù parí ọ̀rọ̀ tó fi dáhùn pé, "Mo fẹ́ ẹ, mo sì dúpẹ́."