Bídọ́ọ̀nù Tó Ṣí Nípò

Gbìì! Iyanrìn gbá ọkọ̀ Falilatou mú, ìgbòkun sì wó bò ó lórí bí ìborí ìyàwó tuntun. Séidou yí bídọ́ọ̀nù, kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ òféèfèé tó jẹ́ àmì eré, po, ó ń rẹ́rìn-ín lọ.

"Mo ṣáà yà fún ọ, ìyàwó wa!"

Òótọ́ ni. Nínú eré ọkọ̀ ìbejì, ọkọ̀ méjì tí wọ́n fi igi so pọ̀, ẹni tó bá sún mọ́ àmì jù ló ni ọ̀nà. Ẹni tó wà lóde gbọ́dọ̀ yà fún un. Ṣùgbọ́n Séidou tí kì í yà fún ewúrẹ́ lójú títì Adakplamè, kí ló dé tó fi yà lónìí?

Opó ni Falilatou. Ẹni tó bá borí ni yóò máa gbé èrò sọdá odò lọ́dún náà, ibẹ̀ sì ni oúnjẹ ọmọ rẹ̀ mẹ́rin wà. Ó dúró nínú omi, ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n jó nílé.

Ìyá Thérèse, adájọ́ eré, wọ́ ìdí ńlá rẹ̀ wọnú odò. "Bí mo bá ṣubú, ẹ má wá mi o, ẹ jẹ́ kí ẹja yó!" (Irú ìdí bẹ́ẹ̀ ni tèmi náà, mo mọ ìyà tó ń jẹ ẹ́.) Lánàá, ọmọ ọlọ tirẹ̀ ló so mọ́ bídọ́ọ̀nù kó má baà ṣí, níbi tí omi ti jìn. Ó fa okùn. Àpò iyanrìn ló jáde, aṣọ ẹlẹ́yẹ pupa ni wọ́n fi rán an.

Ìyá Rachidatou, ìyàwó Séidou, figbe ta létí odò: "Aṣọ mi! Aṣọ tí mo ti ń wá láti Ọjọ́rú!"

Ìyá Thérèse kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Séidou, ta ló ṣí àmì nípò?"

"Ìgbì omi ni!"

"Ìgbì ló rán àpò?"

Séidou yí ọkọ̀ padà, ó sá. Àwọn èèyàn ti Falilatou kúrò lórí iyanrìn, ó gbá tẹ̀ lé e, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i láti ọwọ́ ọ̀tún.

"Bàbá Rachidatou, ẹni tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí láti ọwọ́ ọ̀tún ló ni ọ̀nà! Yà!"

Séidou kọ̀. Nígbà tí imú ọkọ̀ obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rù bà á, ó yà wìì. Gbàà! Iyanrìn kan náà gbà á mọ́ra.

"Mo mọ̀ pé Falilatou yóò fẹ́ sún mọ́ àmì," Séidou jẹ́wọ́. "Mo gé okùn ọlọ láàárọ̀, mo gbé bídọ́ọ̀nù wá síbí, lẹ́bàá iyanrìn. Ẹ foríjì mí."

"Ọmọ ọlọ mi ńkọ́?"

"Ó wà nísàlẹ̀ odò, Ìyá."

"Ó dáa. Ata òní, eyín ni màá fi lọ̀ ọ́, mélòó ló kù lẹ́nu mi?"

Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ eré fi ṣẹkẹṣẹkẹ de Séidou nítorí màgòmágó rẹ̀; òdìkejì odò ni àgọ́ ọlọ́pàá wà. Ìyá Thérèse na àjẹ̀ ìsọdá, ẹ̀bùn ẹni tó borí, sí Falilatou. Ó nu omijé, ó gbà á. Séidou ni èrò àkọ́kọ́ tó gbé, ọwọ́ rẹ̀ nínú ṣẹkẹṣẹkẹ.

"Jókòó jẹ́ẹ́, Bàbá Rachidatou," ó ní. "Màá rọra tu ọkọ̀."