Ẹni Tí Kò Mọ Ilé Wa

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún 1999, Tíṣà Olúsànyà kú sínú ilé rẹ̀ ní Kúdẹtì. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Létà tó ń retí kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, Evelyn, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ezekiel ní Bẹẹrẹ. Ó ti jáde ìwé mẹ́wàá, ó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà títí èsì ìdánwò yóò fi dé. Ọ̀gá ń múra ìrìn àjò Kàdúná. Ó nawọ́ sí káàdì kan tó lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ náà.

"Ṣé o rí nọ́ńbà méjì yìí? Ilé iṣẹ́ tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì ló kọ ọ́ fún wa. Má fọwọ́ kan nọ́ńbà yìí nínú ẹ̀rọ títí n ó fi dé."

"Mo gbọ́, sà."

Evelyn mọ iṣẹ́ tí nọ́ńbà náà ń ṣe. Kọ̀ǹpútà kò mọ orúkọ, nọ́ńbà ló mọ̀. Bí oníbàárà bá tẹ orúkọ ibi tó fẹ́ lọ, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ mìíràn léèrè pé níbo ni ibẹ̀ wà, ìyẹn á sì fún un ní nọ́ńbà ibẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń bi léèrè yìí ni wọ́n ń pè ní DNS. Ti ilé iṣẹ́ ni káàdì náà ń tọ́ka sí.

Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ lọ́ra. Nígbà mìíràn kì í dáhùn láti àárọ̀ di ọ̀sán. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ka ìròyìn bọ́ọ̀lù a sì máa pòṣé.

"Evelyn, ṣé kọ̀ǹpútà yín ń gba ààwẹ̀ ni?"

Ní ọjọ́ kẹta tí Ọ̀gá lọ, Gàfárù wọlé. Òkè Bọ́lá ló ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó sì mọ ara rẹ̀ lọ́gàá. Ó wo káàdì náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ lẹ ṣì ń lò? Ayé Nóà nìyẹn. Èyí tí gbogbo ayé ń lò wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, wéré ló sì ń dáhùn. Ọ̀nà kan ò wọjà, Evelyn. Mú bírò wá."

"Ọ̀gá ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Ọ̀gá wà ní Kàdúná. Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́ ni, Ìyá Ìjọ?"

Gbogbo àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Evelyn pa nọ́ńbà ilé iṣẹ́ rẹ́, ó tẹ ti Gàfárù sípò rẹ̀. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ìròyìn bọ́ọ̀lù yọ kíá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Evelyn Ẹ̀rọ.

Joseph, àkọ́bí Tíṣà, wà ní Kánádà. Ìjà ló fi kúrò nílé, ọdún méje ni kò fi kọ̀wé. Nínú oṣù kẹjọ, ó kọ létà orí kọ̀ǹpútà, í-meèlì, sí àpótí létà ṣọ́ọ̀bù náà, èyí tí ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fún wọn, tí gbogbo oníbàárà jọ ń lò. Ó tọrọ àforíjì. Ó béèrè bóyá kí òun máa bọ̀ nílé. Tíṣà kò dáhùn. Agídí rẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ kejì tí Evelyn pààrọ̀ nọ́ńbà ni bàbá náà fẹsẹ̀ rìn wá láti Kúdẹtì, òun ti agbòjò rẹ̀.

"Kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ. Kọ ọ́ pé, Máa bọ̀."

"Kí ni kí n fi kún un, Bàbá?"

"Ó tó bẹ́ẹ̀."

Evelyn tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí àpótí létà. Ó ti máa ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ bí ẹ̀rọ tó ń pín létà ní ilé iṣẹ́ bá kùnà. Evelyn rò pé bí ẹ̀rọ náà bá ti dára, létà yóò lọ fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀rọ yín yá lónìí," ni Tíṣà wí.

Evelyn ṣàlàyé fún un pé ẹlòmíràn ni àwọn ń bi léèrè ọ̀nà báyìí. Bàbá fi agbòjò rẹ̀ ti ògiri.

"Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ìlú yìí, mo wá ilé ẹnì kan lọ sí Bẹ́yẹrunká. Mo bi akọ̀wé kan ní Mapó. Ó mọ ọ̀nà Èkó, ó mọ ọ̀nà Kánò, kò mọ ilé náà. Ìyá arúgbó kan tó ń gbálẹ̀ lẹ́nu agbo ilé ló júwe rẹ̀ fún mi. Ẹni tuntun tí ẹ ń bi léèrè yìí, ṣé ó mọ ilé wa?"

"Bàbá, gbogbo ayé ló mọ̀."

"Mi ò béèrè gbogbo ayé. Ilé wa ni mo béèrè."

Ojoojúmọ́ ló ń wá lẹ́yìn ìyẹn, ní aago mẹ́rin.

"Ṣé ó ti dáhùn?"

"Kò tíì dáhùn, Bàbá."

Ọ̀gá tẹ̀ wọ́n láago láti Kàdúná. "Ṣé kò sí wàhálà?"

"Kò sí, sà."

Ní ọjọ́ kẹjọ tó ti pààrọ̀ nọ́ńbà, ọkàn Evelyn kò balẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ dá nọ́ńbà ilé iṣẹ́ padà kó lè yẹ àpótí náà wò. Ṣọ́ọ̀bù kún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tún nǹkan kan ṣe."

"Evelyn Ẹ̀rọ, má da iyanrìn sí gààrí wa o!"

Ó gbọ́wọ́ kúrò. Ó ní ó di ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, wọ́n tún kún.

Ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin lù, Tíṣà kò wá. Màmá Hilda, aládùúgbò wọn, ló yọ lẹ́nu ọ̀nà, láìbo orí.

"Evelyn, pa ẹ̀rọ yẹn, jẹ́ ká lọ sílé."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìsìnkú, Ọ̀gá dé. Ó wo káàdì, ó wo inú kọ̀ǹpútà.

"Ta ló pààrọ̀ rẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

Kò pariwo. "Orúkọ àpótí létà wa, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó dà bí orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ nínú ilé. Ará ìta lè mọ gbogbo ayé kó má mọ ìyẹn. Nọ́ńbà Gàfárù kò burú. Ká ní o sọ fún mi lórí fóònù ni, ǹ bá fún ọ ní nọ́ńbà àpótí náà gan-an, à bá sì máa lo méjèèjì."

Ó dá nọ́ńbà ilé iṣẹ́ padà. Létà mọ́kànlá wọlé. Mẹ́ta jẹ́ ti Joseph. Èyí tó kẹ́yìn kà báyìí: "Bàbá kò dá mi lóhùn. Ìdákẹ́ wọn ti yé mi. Mo ti dá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú tí mo rà padà."

Àwọn létà tó ti há náà bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Evelyn ń wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ni "Máa bọ̀." Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ikú ẹni tó sọ ọ́ ló tó kúrò ní Bẹẹrẹ.

Kílẹ̀ tó ṣú, Joseph dáhùn: "Mo ń bọ̀, Bàbá."

Evelyn ló kọ ìyókù fún un, pé Bàbá ti kú. Kò sunkún. Ó tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí ó ń tẹ iṣẹ́ oníbàárà.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, lóòótọ́ ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ló gba ẹnu ilé wa kọjá. Kí ẹ tó fi ẹni tó lọ́ra sílẹ̀ nítorí ẹni tó yá, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹni tó lọ́ra nìkan mọ̀. Bí ẹ bá sì ti yí ohun olóhun padà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó sọ "kò sí wàhálà" nígbà tí wàhálà wà, kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ló ń tàn.

Ohun tí Tíṣà Olúsànyà fi sílẹ̀ nìyí: agbòjò dúdú kan, tí ọ̀kan nínú irin rẹ̀ ti ṣẹ́. Awò ojú. Bíbélì àti ìwé orin. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tí wọ́n ti lọ̀, tó ní òun yóò wọ̀ lọ pàdé ọkọ̀ òfurufú. Yàrá kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ní ọ̀dà tuntun ní ọ̀sẹ̀ tí ikú rẹ̀ bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀dì nínú rẹ̀, tí wọ́n ti tẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì: "Máa bọ̀."